Adájọ́ Tó La Ẹnu Tí Kò Sọ̀rọ̀

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ṣe ni mo jókòó láti pa àlọ́. Eré kan wà tí wọ́n máa ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. A wò ó fún bí ọdún kan, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́nà tí èmi ò jẹ́ fi parí ilé ajá. Wọn ò dágbére. Ẹ sọ fún mi: àlejò tó ń wá sílé yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹ ti mọ ìwà rẹ̀, tí ẹ ti mọ ẹ̀rín rẹ̀, tó wá dìde lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀rọ̀, tó bọ́ sóde láì ní ó dàbọ̀, kí lẹ máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Èmi mọ ohun tí mo pè é. Ìyàwó mi ló ní kí n má sọ ọ́ níbí.

Bíríkìlà ni mí. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ìwé kejì ni mo wà tí bàbá mi fi ní oko ń dúró dè mí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ Ìlọ́bù láti ọ̀nà Òṣogbo, gbogbo ilé tí ẹ bá rí tí igun rẹ̀ gún régé, ẹ má wulẹ̀ béèrè, èmi ni. Èyí tó bá wọ́, ẹlòmíì ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí ẹnjiníà tó kàwé dé òkè òkun wá yẹ̀ wò. Ó yọ ohun tó fi ń wọn ògiri, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó wọn ìyẹn náà. Nígbà tó yá, ó rọra ká nǹkan rẹ̀ padà sínú àpò. Òun mọ̀wé, èmi mọ ògiri.

Nígbà tí ìjọba wá fi owó kún owó oṣù àwọn tíṣà àti àwọn òṣìṣẹ́, tí oníkálukú fẹ́ kọ́lé, iṣẹ́ ya lù mí, mo sì ra tẹlifíṣọ̀n. Òun ni àkọ́kọ́ ládùúgbò wa. Ó ní ilẹ̀kùn méjì tí a máa ń tì bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló fi dúró. Iná ìjọba kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, bátìrì mọ́tò ni mo fi ń tàn án. Èmi fúnra mi ni mo máa ń so bátìrì yẹn mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù mi, tí màá gbé e lọ sí Òṣogbo lọ cháàjì ní gbogbo Ọjọ́rú, kí ó lè yó fún Ọjọ́bọ̀. Ọ̀pá eríà mi tó ń fa àwòrán wá, kọnkéré ni mo fi rì í mọ́lẹ̀. Ìjì tó ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ lọ́dún náà kò mì í.

Eré náà nìyí, fún ẹni tí kò wò ó. Ọkùnrin kan kú, ó fi oko obì sílẹ̀. Ọmọkùnrin méjì ló bí, ìyá wọn yàtọ̀ síra. Ẹ̀gbọ́n ní òun lòun bá bàbá débẹ̀ nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, òun ti ń jókòó sínú oko náà kí wọ́n tó bí àbúrò rárá. Àbúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn, òun lòun gbin obì, òun lòun ń ro ó, ọwọ́ òun ló wà lára igi kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń fà á nìyẹn, lónìí wọ́n á bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ bàbá kan, lọ́la wọ́n á yọ àdá. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ara wọn lọ síwájú adájọ́ kan, arúgbó tó máa ń bọ́ awò ojú rẹ̀ nù kó tó sọ̀rọ̀. Gbogbo wa la fẹ́ràn adájọ́ yẹn. Tó bá ti bọ́ awò báyìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi á pa rọ́rọ́, ẹni tó ń jẹ gúgúrú á dá ẹnu dúró.

Ní báyìí, kí n sọ ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bó ṣe dun àwọn yòókù lọ.

Ìyàwó mi, ọmọ Ìfọ́n ni. Ẹni tó bá mọ Ìlọ́bù mọ Ìfọ́n mọ̀ pé àkùkọ tó bá kọ ní ọ̀kan, wọ́n á gbọ́ ọ ní ìkejì. A máa ń fẹ́ ọmọ ara wa, a máa ń ná ọjà ara wa, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí ilẹ̀, ta ló kọ́kọ́ débẹ̀, ta ló nibẹ̀, oníkálukú á máa wo ibòmíì. Nígbà tí mo fẹ́ ìyàwó mi tán, mo lọ ṣe ọ̀wẹ̀ àna fún bàbá rẹ̀. Àwọn ẹlòmíì á lọ kọ ebè, èmi ní màá rẹ́ ilé rẹ̀, sìmẹ́ǹtì tèmi, ọwọ́ tèmi. Mo gun àkàbà, mo rẹ́ apá ọ̀tún ògiri iwájú, ó dán bí dígí. Àwọn ará ilé kóra jọ sísàlẹ̀, wọ́n ń yìn mí. Orí mi wú. Mo ṣí ẹnu, mo ní, "Ẹ ò rí ayé, ọmọ Ìlọ́bù ló ń tún ilé ṣe fún àwọn tí bàbá rẹ̀ fún nílẹ̀ tí wọ́n jókòó sí!"

Àwàdà ni mo fi ṣe. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Bàbá ìyàwó mi jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó ń bó ọsàn. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Àna mi, sọ̀ kalẹ̀."

"Bàbá, ó ku apá òsì."

"Mo ní kí o sọ̀ kalẹ̀."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, oúnjẹ ilé mi ò ní í kọjá ọ̀fun òun, àfi ọjọ́ tí mo bá dọ̀bálẹ̀ níwájú ògiri yẹn, tí mo bá kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Èmi? Mo kó irinṣẹ́ mi, mo lọ. Àwọn àgbà bẹ̀ mí, mo ní irọ́ wo ni mo pa. Wọ́n bẹ òun náà, ó ní kí wọ́n wo ògiri. Kò jẹ́ kí bíríkìlà mìíràn fọwọ́ kàn án. Ọdún ń gorí ọdún, bí mo bá sì ti ń gun alùpùpù mi gba Ìfọ́n kọjá, màá rí i: apá ọ̀tún ń dán, apá òsì pupa, amọ̀ rẹ̀ ti ń jẹrà. Ìyàwó mi bí ọmọ, bàbá rẹ̀ wá sí ìkómọ, ó dúró lóde, ó súre tán, ó padà láì tọ́ omi wò.

Ṣé ẹ ti wá rí ibi tí mò ń lọ?

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, eré náà ò tíì ju oṣù kan lọ, mo ń yí eríà, ni mo rí bàbá ìyàwó mi tó ń bọ̀ látọ̀nà Ìfọ́n, ó gbé àpótí rẹ̀ lé èjìká, ó mú tọ́ọ̀ṣì dání. Mo fi eríà sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ti ìdọ̀bálẹ̀ ìkíni, mi ò pa á jẹ rí. Èyí tó ní kí n ṣe níwájú ògiri yẹn ni mi ò fẹ́.

Ó ní, "Dìde. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mo wá. Wọ́n ní ó ní nǹkan kan nílé tó ń sọ ọ̀rọ̀ oko obì."

Ìyàwó mi sáré jáde, ó kúnlẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀. A gbé àga onítìmùtìmù fún bàbá, ó kọ̀ ọ́. Àpótí rẹ̀ ló gbé sí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó lé e. Ìyàwó mi gbé iyán àti ọbẹ̀ ìsápá wá.

"Ọmọ mi, mo ti jẹun kí n tó kúrò nílé."

"Ẹ mu omi, Bàbá."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

Ó wo eré tán, ó gbé àpótí, ó lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún dé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó gbé àpótí náà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi, ó ní, "Kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e o." Ìyàwó mi wò mí, mo wo ìyàwó mi. Àpótí bàbá rẹ̀ sùn sílé wa! Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó mi ti ń gún iyán ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí bàbá ń sọ pé òun ti yó, tí ọmọ rẹ̀ sì ń gbé e padà sí ilé ìdáná.

Bí eré bá parí, èmi ni mo máa ń sìn ín sọ́nà. Àna kì í dá lọ. A ó jọ rìn dé ìdí igi àgbálùmọ̀ kan láàárín ìlú méjèèjì, èmi lẹ́yìn, òun níwájú, Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò la ó sì máa sọ. Èmi, ti Ẹ̀gbọ́n ni mo wà. Bàbá wà ní ti Àbúrò. Ẹnu wa ò kan Ìlọ́bù, ẹnu wa ò kan Ìfọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tẹ̀lé wa bọ̀ lẹ́yìn, tó bá ní etí, á mọ ohun tí à ń sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Ẹ̀gbọ́n gé igi obì kan lulẹ̀ nínú eré. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi dàrú. Obìnrin tó ń ta gúgúrú ládùúgbò wa fi igbe ta, ó ní, "Apá ẹ á rọ!"

Mo ní, "Kí ló dé? Igi bàbá ẹ̀ ló gé. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ibì kan ló nibẹ̀."

Bàbá ìyàwó mi ò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Ẹni tó ń ro ilẹ̀ ló nilẹ̀. Ẹni tó kàn jókòó, ẹ̀gún ló ń gbìn."

"Bàbá, ṣé eré la ṣì ń sọ?"

"Kí ló tún kù? Ìwọ lo ra tẹlifíṣọ̀n, o ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín bú. Obìnrin onígúgúrú ní, "Bàbá, ẹ tún un sọ, kò gbọ́ dáadáa!"

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí a dé ìdí àgbálùmọ̀, bàbá dúró. Ó ní, "Àna, adájọ́ yẹn, o gbà á gbọ́?"

"Mo gbà á gbọ́, Bàbá. Ojú rẹ̀ ò jọ ti ẹni tó ń gba rìbá."

"Èmi náà gbà á gbọ́. Kì í ṣe ọmọ tiwa, kì í ṣe ọmọ tiyín. Ó dáa. Bó bá gbé oko fún Ẹ̀gbọ́n, màá jẹ iyán ọmọ mi lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ, ọ̀rọ̀ tán. Bó bá gbé e fún Àbúrò, wàá wá sí Ìfọ́n, wàá ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe níwájú ògiri yẹn."

Mo ní mo gbà. Ọkàn mi balẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n ló máa jàre? Nígbà tí mo dé ilé tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó ní, "Ẹ wá lọ fi ẹnu bàbá mi sínú tẹlifíṣọ̀n?" Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó lọ ra odó tuntun.

Ó wá di ọjọ́ tí wọ́n ní adájọ́ máa sọ̀rọ̀. Mo gbé bátìrì lọ sí Òṣogbo láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní kó mu iná títí yóò fi bì. Láti ọ̀sán ni iṣu ti wà lórí iná. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún, fèrèsé kún, àwọn kan jókòó lé orí bíríkì tí mo tò sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Bàbá ìyàwó mi wọ agbádá. Kóòtù dé. Adájọ́ bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà sójú. Ó ní, "Mo ti gbọ́ ti Ẹ̀gbọ́n. Mo ti gbọ́ ti Àbúrò." Ó la ẹnu.

Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹnu wà ní lílà, kò padé, kò sọ̀rọ̀. Orin bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú rẹ̀.

Tíṣà kan tó ń gbé nílé kejì ló ń kàwé fún wa. Mo ní, "Tíṣà, kí ni wọ́n kọ?"

"Wọ́n ní ó parí."

"Kí ló parí?"

"Eré náà."

"Ìdájọ́ ńkọ́?"

"Wọn ò kọ ìyẹn."

Ẹnì kan kígbe látojú fèrèsé, "Bátìrì ni! Bátìrì rẹ ló gbé ìdájọ́ mì!" Ni gbogbo wọn bá gbà á: bátìrì, bátìrì. Èmi! Mo gbá tẹlifíṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sáré síta lọ yí eríà, mo padà wá. Obìnrin kan ti jókòó síbẹ̀, ó ń ka ìròyìn, ojú rẹ̀ hàn kedere, a rí yẹtí etí rẹ̀. Mo ní, "Ṣé ẹ rí i? Bátìrì tó lè gbé ìròyìn, ṣé ìdájọ́ ni kò ní í lè gbé?"

Bàbá ìyàwó mi ní, "Bóyá ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Iyán tutù, kò sẹ́ni tó bu òkèlè.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bátìrì méjì ni mo gbé kalẹ̀. Nígbà tí ó tó àkókò, ọkùnrin kan jáde tó wọ aṣọ funfun, ó gbé ehoro dání. Ó ní òun fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń sin ehoro. Àwọn èèyàn pòṣé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í túká. Bàbá ò dìde. Ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni pé ọ̀kan nínú àwọn ehoro yẹn lè bọ́ awò kó dá ẹjọ́ náà. Nígbà tó parí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu àpótí rẹ̀, ó gbé e lé èjìká.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá mi, ẹ fi àpótí sílẹ̀ ná."

Ó ní, "Ọmọ mi, kí ló fẹ́ máa ṣe níbí? Èmi ò sin ehoro."

Mo sìn ín dé ìdí àgbálùmọ̀. Ó ní, "Padà. Ó ti tó." Ọjọ́bọ̀ kejì dé, kò wá. Ẹ̀kẹta dé, kò wá. Ìyàwó mi ò gún iyán mọ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi ṣófo, tí mo bá ti ṣí ilẹ̀kùn, á lọ gbá ògiri gbà-á, nítorí kò sí àpótí tó ń dá a dúró mọ́.

Inú ló wá bí mi débi pé mo wọ agbádá, mo wọ mọ́tò, mo lọ sí ìlú ńlá tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọn wà. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ rí bíríkìlà tó wọ mọ́tò nítorí eré? Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì dá mi dúró.

"Ta lẹ fẹ́ rí, Bàbá?"

"Adájọ́."

"Kóòtù kọ́ nìyí, Bàbá."

"Adájọ́ oko obì."

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó rí ojú mi, ó gbé fìlà, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi gan-an bi wọ́n léèrè. Ti Àbúrò ni mo wà. Wọ́n ní ṣe ni àwọn mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí oníkálukú fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ parí ẹ̀."

"Adájọ́ fúnra ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti lọ. Awò yẹn gan-an, ọ̀gá wa kan ni wọ́n yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú adájọ́ yẹn ò dùn ún rárá."

Mo pariwo. Mi ò ní í purọ́, mo pariwo títí àwọn akọ̀wé fi yọjú lójú fèrèsé. Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn pé bíríkìlà kan láti Ìlọ́bù ló sọ bẹ́ẹ̀! Bí mo bá kọ́lé fún èèyàn, tí mo kọ́ ọ dé òkè fèrèsé, tí mo wá kó irinṣẹ́ mi, tí mo ní kó fi ọgbọ́n orí ara ẹ̀ parí ẹ̀, ṣé kò ní í pe ọlọ́pàá sí mi? Iṣẹ́ téèyàn bá dáwọ́ lé, ṣé a kì í parí ẹ̀ ni? Irú èèyàn wo ló ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀ tó sì ń sùn lóru?"

Ọkùnrin géètì ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Irú wọn ò ṣe é gbà lálejò."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú. Nínú mọ́tò, mo tún un sọ fún ẹni tó jókòó tì mí. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà, mo dúró lórí rẹ̀, mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: òkè fèrèsé, irinṣẹ́, ọlọ́pàá, gbogbo ẹ̀.

Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ògiri tó wà ní Ìfọ́n yẹn, bíríkìlà wo ló kó irinṣẹ́ tiẹ̀ lọ níbẹ̀?"

Mo la ẹnu. Bí adájọ́ yẹn ṣe là á gẹ́lẹ́ ni mo ṣe là á, ọ̀rọ̀ ò jáde. Nígbà tó yá, mo ní, "Bàbá ẹ ló ní kí n sọ̀ kalẹ̀."

Ó ju òkúta kan nù láti inú ẹ̀wà. Ó ní, "Àwọn onítẹlifíṣọ̀n náà á ní ẹnì kan ló ní káwọn sọ̀ kalẹ̀."

Mi ò jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣì mí gbọ́, ìbínú mi sí àwọn èèyàn yẹn ò dín. Ó lé sí i. Bí wọ́n bá ti dá ẹjọ́ wọn bí ọmọlúàbí, ìyàwó mi ò ní í rí ọ̀nà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ sí Ìfọ́n lásán, kí n lọ dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n ní mo ti rí àṣìṣe mi? Àdéhùn wa ni pé adájọ́ ló máa rán mi. Mo rò ó títí. Bí adájọ́ ò bá sọ̀rọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá a sọ ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo di ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì àti irinṣẹ́ mi mọ́ alùpùpù, mo gba Ìfọ́n lọ. Bàbá ìyàwó mi wà níwájú ilé lórí àpótí, ọsàn ló tún ń bó. Mi ò kí i kí n tó dọ̀bálẹ̀. Iwájú ògiri ni mo lọ, mo na gbalaja sínú iyanrìn, àyà mi kan ilẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, wọ́n ti dá ẹjọ́."

"Níbo?"

"Lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n tún un ṣe lánàá. Àbúrò ló jàre."

Ó ní, "Wà níbẹ̀. Rò ó fún mi."

Mo rò ó látilẹ̀, iyanrìn ń wọ ẹnu mi. Mo ní adájọ́ dìde ní kóòtù, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí oko. Ó débẹ̀, ó kan èèkàn mọ́ ìpẹ̀kun kan, ó kan òmíràn mọ́ ìkejì, ó na okùn láàárín wọn. Gbogbo igi obì ló tò sórí okùn, ọ̀kan ò yẹ̀. Adájọ́ ní igi tó bá tò sórí okùn kan, ọwọ́ kan ló gbìn ín. Ó ní ẹni tó bá ní òun ló kọ́kọ́ dé, ẹnu ló fi ń sọ ọ́. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́, ojú ń rí i. Mo ní Ẹ̀gbọ́n wá dọ̀bálẹ̀ fún Àbúrò.

Bàbá ní, "Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò? Kò lè ṣẹlẹ̀."

"Ó bẹ̀rẹ̀ ni, Bàbá. Ó kàn bẹ̀rẹ̀. Ó ní, 'Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ilẹ̀ yìí, mo kó o jẹ. Kì í ṣe bàbá mi ló fún ọ.'"

Ọ̀bẹ bàbá ṣì ń bó ọsàn. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Adájọ́ yẹn, láti ìgbà wo ló ti ń na okùn bíi bíríkìlà?"

Bàbá ju èèpo ọsàn nù.

"Tíṣà kan tó wà lójúde kejì níbí náà ti ra tẹlifíṣọ̀n. Ibẹ̀ ni mo wà lánàá. Ehoro ni mo wò. Wọ́n ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń kan ilé fún un."

Mo tẹ orí mọ́ iyanrìn. Ibi tí mo wà yẹn, ká ní ilẹ̀ lanu, màá wọlé.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n adájọ́ tìẹ sàn ju tiwọn lọ. Tìẹ sọ̀rọ̀." Ó gbé ìdajì ọsàn sí ẹ̀gbẹ́ orí mi lórí ewé kan. "Dìde, òòrùn ti ń mú. Apá òsì ń dúró dè ọ́."

Mo rẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà. Bàbá jókòó sísàlẹ̀ àkàbà, ó ní kí n tún ìdájọ́ náà rò. Mo tún un rò, ó ń tún mi ṣe: pé adájọ́ gbọ́dọ̀ bọ́ awò kó tó na okùn, pé kí n fi ìyá Àbúrò sí i. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé àpótí rẹ̀ wá sí Ìlọ́bù. A ò ṣí tẹlifíṣọ̀n. Ó jẹ iyán, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ìsápá náà kan díẹ̀. Ìyàwó mi wọ ilé ìdáná lọ, ó pẹ́ kó tó jáde.

Àwọn kan wá ń sọ pé ohun tí àwọn onítẹlifíṣọ̀n fẹ́ gan-an nìyẹn, pé kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi! Kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi ṣe, tí kò ní ẹ kú iṣẹ́? Mo bá wọn parí ẹ̀ nítorí bàbá ìyàwó mi ni. Ògiri yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn á rí ojú ibi tí àtijọ́ àti tuntun ti pàdé, ó là láti òkè dé ilẹ̀. Bí mo ṣe mọṣẹ́ tó, mi ò rí i pa rẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà délẹ̀. Bó bá wù wọ́n, kí wọ́n wọ mọ́tò bí èmi náà ṣe wọ̀ ọ́, kí wọ́n wá sí Ìfọ́n, kí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ń parí iṣẹ́.